Òrùka Tí Kò Lẹ́nu

Róbótó ni à ń pè é, ó sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Ẹnu ọ̀nà nìkan ló sì ń tẹrí ba fún láyé yìí.

Kò sí ohun tó rí róbótó lára rẹ̀. Ó gùn, ó tín-ín-rín, bí ọ̀pá tí wọ́n fi ń já èso lórí igi. Ọ̀rọ̀ òrùka ló sọ ọ́ lórúkọ. Bó jí, òrùka. Bó fẹ́ sùn, òrùka. Ó kọ oríkì fún ara rẹ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀: Róbótó, ọkọ òrùka, ọ̀tá igun, a-yí-bírí-má-ṣubú, òòrùn tí kò ní kọ̀rọ̀. Ẹnì kan fi bírò kọ ọ̀kan kún un nísàlẹ̀: a-gba-iṣẹ́-oníṣẹ́-bí-ẹni-gba-atẹ́gùn. Kò yọ ọ́. Ó rò pé ara oríkì náà ni.

Èmi ni mo ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ilé ìwádìí tó ti ń ṣe igbákejì ọ̀gá. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kò nílò ìwé kó tó mọ ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó kàn ń yan. Mo ti bí àkọ́bí mi kí wọ́n tó bí Róbótó, síbẹ̀ “ìwọ” ló ń pè mí. “Ìwọ, ṣílẹ̀kùn.” Mo ń ṣí i. Iṣẹ́ mi ni.

Yàrá pọ̀ nínú ilé náà, oníkálukú ló sì ní òrùka tó ń wò níbẹ̀. Ọkùnrin kan wà lókè pátápátá tó ń fi awò wo òrùka tó yí ayé ńlá kan ká lójú sánmà lọ́hùn-ún. Obìnrin kan wà nísàlẹ̀ tó ń gé ìtì igi, tó ń ka òrùka inú wọn, tó sì ń sọ ọdún tí òjò kò rọ̀. Àwọn oníkẹ́mísírì ní òrùka tiwọn, ó kéré débi pé ojú kò lè rí i. Wọ́n ní ó wà nínú oògùn àti nínú epo, a sì gbà wọ́n gbọ́. Ẹnì kan tún wà, Elééfín, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa fi àpótí kan tu èéfín jáde ní òrùka òrùka, kó sì máa wo bí ó ṣe ń rìn. N kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n ó dùn ún wò.

Róbótó nìkan ni kò ní òrùka kankan. Ẹnu ló ní. Ó wá rò ó, ó ní bí oníkálukú bá ní òrùka, ẹni tó bá ti gba ọ̀rọ̀ náà gan-an, “òrùka”, ló ni gbogbo wọn.

Ló bá gun òkè lọ bá olùwòràwọ̀.

“Kí lò ń wò?”

“Òrùka ni, sà.”

“Òrùka kẹ̀! Kí ni kò jẹ́ kó o sọ fún mi tipẹ́? Abẹ́ mi lo wà nìyẹn.”

“Sà, yìnyín àti òkúta ni òrùka yẹn o. Ó sì jìnnà gan-an.”

“Jíjìnnà rẹ̀ kò ní kí n má jẹ́ ọ̀gá rẹ̀.”

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá onígi. Onígi fi ìtì kan hàn án, ó sọ iye òrùka tó wà nínú rẹ̀ fún un. Róbótó mi orí. Ó ní, “Ẹ bá mi fi ọ̀kan kún un.”

Ó yà lọ́dọ̀ Elééfín. Elééfín tu òrùka kan, ó ń rìn bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Róbótó na ìka sí i bí ẹni fẹ́ fi í sọ́wọ́. Ó tú. Ó ní, “Kò le tó. Ẹ jẹ́ kó le sí i.”

Láti ọjọ́ náà, kò sí ìwé kan tó jáde nílé ìwádìí náà tí orúkọ rẹ̀ kò ṣíwájú. Ìránṣẹ́ ni orúkọ rẹ̀ ń ṣe: òun ló ń kọ́kọ́ dé, kò sì mọ ohun tí wọ́n rán an.

Nílé kò yàtọ̀. Ìyàwó rẹ̀ máa ń wá dúró dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi lọ́sàn-án. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, ó ní, “Bàbá, ó ti fi ayùn gé igun tábìlì tá a fi ń jẹun. Ó ní igun ń dá òun lágara.”

Mo ní, “Ó dára tó bá mọ síbẹ̀.”

“Kò mọ síbẹ̀. Ó ń wo bẹ́ẹ̀dì.”

“Bẹ́ẹ̀dì kẹ̀?”

“Mo sọ fún un. Mo ní igun tó bá gé lára bẹ́ẹ̀dì yẹn, orí igun náà ni yóò máa sùn.”

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé àwọn tó ń ṣàkóso wa láti òkèèrè fẹ́ dá ilé tuntun sílẹ̀, kí wọ́n kó gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí síbẹ̀. Wọ́n pè é ní Ilé Ìwádìí Òrùka. Wọ́n ní àwọn ń rán àlejò mẹ́ta bọ̀ wá yan olórí rẹ̀. Ẹni méjì ni orúkọ wọn jáde: Róbótó, àti obìnrin kan tí à ń pè ní Àǹtí Bíárìn.

Àǹtí Bíárìn, onímọ̀ ẹ̀rọ ni. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ló kángun sí gbọ̀ngàn ńlá, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti gbọ̀ngàn náà, ilẹ̀kùn ọ̀hún sì wà lára èyí tí mo ń ṣọ́. Ọ̀rá ẹ̀rọ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Òun ló ṣe òrùka irin kan tó wà nínú pọ́ǹpù tó ń fa omi gbígbóná. Àwọn òrùka àtijọ́ máa ń há bí omi bá ti gbóná, pọ́ǹpù á kú, ilé tó ń lò ó á dúró. Tirẹ̀ kì í há. Bó o bá bi í ní ìdí rẹ̀, á sọ fún ọ. Bí o kò bá bi í, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Róbótó kò bi í. Kò tilẹ̀ wọ yàrá náà rí, nítorí ọ̀rá tó wà nílẹ̀ àti bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti kọ̀wé sí àwọn àlejò náà pé òrùka pọ́ǹpù yẹn, òun ló ṣe é, ọwọ́ òun báyìí.

Lọ́jọ́ tí orúkọ jáde, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Àǹtí, bàtà rẹ̀ kò kọjá igi ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn.

“Àǹtí, ẹ máa palẹ̀ mọ́ o. Bí mo bá ti gorí àga, yàrá yìí ni màá ti máa gba àlejò.”

Àǹtí kò gbé orí sókè. “Ẹ̀rọ yìí ńkọ́, Ọ̀gá?”

“Ẹ ó gbé e sẹ́yìnkùlé.”

“Òjò ńkọ́?”

“Ṣebí omi náà ló ń fà.”

Àǹtí wá gbé orí sókè. “Ẹ wọlé, Ọ̀gá. Ẹ wá wo òrùka yìí dáadáa kẹ́ ẹ tó máa sọ fáráyé pé tiyín ni.”

“Ẹni tó nilé kì í ka búlọ́ọ̀kù,” Róbótó wí, ó sì yíjú padà.

Nígbà tó lọ tán, mo ní, “Àǹtí, ṣé ẹ̀ẹ́ jẹ́ kó gbé e lọ báyìí ni?”

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà. Ó ní, “Bàbá, ẹni tó bá ní òun ló lọmọ, ẹ jẹ́ kó sọ àmì ara ọmọ náà.”

N kò tíì mọ bó ṣe máa rí. Mo rí i pé ìka kan náà ló ṣì ń nù. Gbogbo ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ló wà nínú pọ́ǹpù yẹn.

Róbótó ránṣẹ́ pe káfíńtà.

“Tábìlì ni mo fẹ́. Kó rí bí òrùka. Èmi á jókòó sáàárín, àwọn àlejò á yí mi ká lóde. Àga tó ní táyà lẹ́sẹ̀ ni màá lò, kí n lè máa yí bírí sí ẹni tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀.”

“Ó yé mi, Ọ̀gá. Ibo lẹ ó ti máa wọlé?”

“Wọlé síbo?”

“Sáàárín ọ̀hún. Ó yẹ ká dá ẹnu sí i. Àlàfo kékeré tí èèyàn lè gbà.”

Róbótó yọ awò ojú rẹ̀. “Àlàfo! Káfíńtà, ṣé o mọ ohun tí òrùka ń jẹ́? Òrùka tó bá lẹ́nu, ìkọ́ ni. Ṣé o fẹ́ kí n jókòó sínú ìkọ́, kí wọ́n fi mí kọ́ ògiri?”

“Rárá o, sà.”

“Kò gbọ́dọ̀ lẹ́nu. Mi ò gbọ́dọ̀ rí ìṣó, mi ò gbọ́dọ̀ rí bóòtù. Gọ́ọ̀mù ni kó o fi lẹ̀ ẹ́, èyí tí kì í já. Kó o wá fi gíláàsì bò ó lórí yíká, kí ìmọ́lẹ̀ máa yọ lára mi.”

“Kí ìmọ́lẹ̀ máa yọ lára yín,” káfíńtà tún un sọ, bí ẹni ń ṣe àmín. “Ẹ̀yin náà ńkọ́? Báwo lẹ ó ṣe débẹ̀?”

“Màá ti wà níbẹ̀ kó o tó lẹ èyí tó kẹ́yìn. Mo fẹ́ kí wọ́n wọlé kí wọ́n bá mi nínú rẹ̀, bí iyẹ̀pẹ̀ ṣe ń bá òkè.”

N kò mọ ohun tí iyẹ̀pẹ̀ ń bá òkè ṣe. Káfíńtà náà kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Jíjáde ńkọ́, Ọ̀gá?”

“Ọba kì í dìde kí àlejò rẹ̀ tó lọ. Bí wọ́n bá lọ tán, ẹ ó fọ́ ọ, ẹ ó ṣe òmíràn tó tóbi jù ú lọ. Agbára á ti wà lọ́wọ́ mi nígbà náà.”

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà. Róbótó ní tòun kọ́, òun kì í ṣe ọ̀yà.

Káfíńtà gba ọ̀dọ̀ mi jáde. Ó dúró, ó wo àga mi, ó wo ojú mi. Ó ní, “Bàbá, mo ti kan pósí rí. Pósí pàápàá ní ìdérí.”

Ọjọ́ náà pé. Róbótó wọ kóòtù dúdú tí bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi bí ọmọrí ìkòkò, ó wọ ṣòkòtò funfun báláú. Ó ti pàṣẹ fún gbogbo ilé pé kí oníkálukú gbé òrùka rẹ̀ wá, kí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri gbọ̀ngàn, kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́. Olùwòràwọ̀ gbé àwòrán rẹ̀ wá. Onígi gbé ìtì rẹ̀. Elééfín gbé àpótí rẹ̀ mọ́ra bí ọmọ ọwọ́. Àwọn oníkẹ́mísírì na ọwọ́ òfìfo síwájú, wọ́n ní òrùka àwọn wà níbẹ̀.

Róbótó jókòó sórí àga rẹ̀. Káfíńtà gbé ègé tó kẹ́yìn wá, ó fi gọ́ọ̀mù sí i, ó tì í sáàyè, ó fi gíláàsì dé e. Tábìlì pa dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dí bí ọgbà, nítorí gíláàsì wúwo. Èèyàn kan lè gba àárín wọn, bó bá gbàgbé pé èèyàn lòun.

Ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ní kó wá rí ògo, yọjú sí i lókè gíláàsì. Ó rọra sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn náà máa ń dún.

“Baálé mi, ṣé ẹ ti tọ̀ ṣá?”

“Ìyàwó, má dójú tì mí níwájú àwọn tó wà lábẹ́ mi.”

“Mo kàn bi yín ni. Omi tẹ́ ẹ mu láàárọ̀ pọ̀.”

Àwọn àlejò dé. Ọkùnrin méjì, àti olórí wọn, ìyá àgbà kan tó ń ti ọ̀pá. Ìyá Àgbà ni gbogbo wọn ń pè é. Ó kí mi ní “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́” kó tó kọjá. Mo tètè fẹ́ràn rẹ̀.

Wọ́n jókòó yí tábìlì ká. Róbótó ti àga rẹ̀, ó yí bírí, ó bẹ̀rẹ̀.

“Kí ni òòrùn? Róbótó! Kí ni ẹyin ojú yín tẹ́ ẹ fi ń wò mí? Róbótó! Táyà ọkọ̀ tó gbé yín wá ńkọ́? Ayé kò nígun, ẹ̀yin àlejò mi. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí igun, àwọn aláìmọ̀kan ló fi í síbẹ̀.”

Àwọn tó wà lára ògiri pàtẹ́wọ́. Ó tún yí.

“Òrùka ní ọ̀tá kan. Ẹ bi mí ní orúkọ rẹ̀.”

Ẹnikẹ́ni kò bi í.

“Àlàfo ni! Ibi tí àlàfo bá wà lára òrùka, ibẹ̀ ni ọ̀lẹ ti ṣiṣẹ́. Ẹni tó ṣe òrùka tí kò pa dé, ó ti sùn kó tó parí ni. Ẹ wo tábìlì yìí. Ẹ fọwọ́ pa á yíká. Ẹ bá mi wá ẹnu rẹ̀!”

Ìyá Àgbà fi ọwọ́ pa ibi tó wà níwájú rẹ̀. Ó ní, “Ṣé gbogbo òrùka lẹ ń bá wí?”

“Gbogbo òrùka pátá, mà.”

“Títí kan ti pọ́ǹpù tẹ́ ẹ kọ̀wé sí wa nípa rẹ̀?”

“Èyí gan-an! Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi ṣe é. Kẹ́ ẹ fi awò olùwòràwọ̀ wò ó, ẹ kò ní rí àlàfo lára rẹ̀.”

Mo wo Àǹtí Bíárìn. Àǹtí ń wo èékánná ara rẹ̀.

“Ó dára,” Ìyá Àgbà wí. Ó fi ọ̀pá dìde. “Yàrá kejì ló wà, àbí? Ẹ dìde ká jọ lọ wò ó.”

Gbogbo èèyàn dìde. Róbótó kò dìde.

“Ẹ máa lọ, mà. Mò ń bọ̀.”

“A ó dúró dè yín.”

“Rárá o, ẹ má dúró. Mo fẹ́ ronú díẹ̀.”

“Lórí kí ni?”

“Lórí òrùka.”

“Òrùka náà ló wà níbẹ̀ yẹn.”

Róbótó rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà wá wo tábìlì náà. Ó ti ọ̀pá, ó yí i ká jẹ́jẹ́, títí ó fi padà dé ibi tó ti gbéra. Ó dúró.

“Ọ̀gá, ibo lẹ gbà wọ ibẹ̀ yẹn?”

“Wọ́n kàn án yí mi ká ni, mà.”

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ọkùnrin wúkọ́. Ikọ́ kọ́.

“Ẹ pe káfíńtà,” Róbótó wí.

Káfíńtà kò jìnnà. Ó ní, “Gọ́ọ̀mù tí kì í já ni, Ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ bèèrè rẹ̀. Tí a bá fọ́ gíláàsì, tàbí tẹ́ ẹ bá gùn ún kọjá, yóò gé yín lára.”

“Má fọwọ́ kàn án!”

“Ó dára bẹ́ẹ̀,” Ìyá Àgbà wí. “Ẹ jókòó jẹ́jẹ́. A ó máa bi yín léèrè láti ọ̀hún. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa di ilẹ̀kùn mú kó má pa dé.”

Mo di ilẹ̀kùn mú. Lápá kan, yàrá Àǹtí Bíárìn, èrò kún un. Lápá kejì, Róbótó nínú gíláàsì bí ẹja.

Àǹtí tú pọ́ǹpù. Ó fi àkísà mú òrùka náà jáde, ó nù ún, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Àgbà. Irin dúdú ni, ó ń dán. Lójú kan lára rẹ̀, etí irin náà méjèèjì kò kan ara wọn. Ìyá Àgbà ti èékánná bọ ibẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú.

Ó gbé ohùn sókè. “Ọ̀gá! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe òrùka yìí, kí lẹ fi àlàfo ara rẹ̀ ṣe?”

Ohùn Róbótó dáhùn láti gbọ̀ngàn. “Àlàfo kẹ̀? Kò sí àlàfo níbẹ̀!”

“Ó wà o. Èékánná mi wà nínú rẹ̀ báyìí.”

“Á jẹ́ pé ó ti sán nìyẹn! Obìnrin yẹn ti ba òrùka mi jẹ́! Mo ti ń sọ ọ́ pé kò mọ iṣẹ́, ẹ kò gbọ́!”

“Ṣé bẹ́ ẹ ṣe ṣe é kọ́ nìyí?”

“Láéláé! Tèmi pa dé bí ojú òkú!”

Olùwòràwọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Àgbà yíjú sí Àǹtí Bíárìn, ó ní, “Ìwọ ọmọ mi, kí ni àlàfo yìí wà fún?”

“Irin máa ń wú bó bá gbóná, mà. Bí kò bá rí ibi tó máa wú sí, á fún gbogbo ohun tó wà nítòsí rẹ̀ pinpin, pọ́ǹpù á kú. Ibẹ̀ yẹn ni imú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń mí.”

“Fi hàn mí.”

Àǹtí ṣí àpótí kan, ó mú òrùka mìíràn jáde. Èyí pa dé yíká, ó rẹwà ju ti àkọ́kọ́ lọ. “Èyí ni mo kọ́kọ́ ṣe, mà, kí n tó gbọ́n.” Ó fi í sínú pọ́ǹpù, ó ṣíná sí i. Omi tútù kọ́kọ́ gbà á kọjá láìsí wàhálà. Omi gbígbóná tẹ̀ lé e. Pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ó sì dákẹ́ lójijì, ó ń gbọ̀n.

“Ìwọ!” Róbótó pè mí láti inú gíláàsì. “Kí ni ariwo yẹn?”

“Òrùka tí kò lẹ́nu ni.”

“Ẹn-hẹ́n! Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?”

“Ó ti há.”

Àǹtí yọ ọ́ pẹ̀lú èmú, ó fi tirẹ̀ padà. Ó tún ṣíná. Omi gbígbóná dé, èéfín rẹ̀ ń yọ. Pọ́ǹpù ń fà á, kò ju bí ẹni ń mí lójú oorun lọ.

“Kí ló dé tí wọ́n dákẹ́?” Róbótó bèèrè.

“Pọ́ǹpù ló dákẹ́, Ọ̀gá. Ó ń ṣiṣẹ́.”

Wọ́n padà wọ gbọ̀ngàn. Ìyá Àgbà kò jókòó mọ́. Ó dúró níwájú gíláàsì, òrùka náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè kí Róbótó rí i.

“Ọ̀gá, ẹ kò tíì rí èyí rí.”

“Mo rí i nínú ẹ̀mí, mà.”

“Ẹ̀mí náà kò fi àlàfo rẹ̀ hàn yín?”

Róbótó yí àga rẹ̀ lápá ọ̀tún bí ẹni ń wá ibi tí kò sí ojú. Ó pàdé ojú olùwòràwọ̀. Ó yí lápá òsì. Ó pàdé tonígi. Ibi yòówù kó yí sí, ojú ló wà níbẹ̀. Òun ló bèèrè pé kí wọ́n yí òun ká.

“Mo wá sí ibí láti yan olórí,” Ìyá Àgbà wí. “Àǹtí yìí ni. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ kò ní kúrò níbi tó wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ògiri, ẹ gbé òrùka yín, kí oníkálukú máa bá tirẹ̀ lọ.”

Àtẹ́wọ́ tó dún yìí, ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ rẹ̀. Àǹtí Bíárìn gba òrùka rẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, ó di í mú sínú ìkúùkù, omi sì ń dà lójú rẹ̀ sórí ọ̀rá.

Olùwòràwọ̀ tẹrí ba níwájú gíláàsì. “Sà, ṣé kí n máa gbé tèmi lọ sókè? Mo mọ̀ pé ó jìnnà.”

Onígi ní, “Ọ̀kan tẹ́ ẹ ní kí n fi kún un, mo ti yọ ọ́ o.”

Elééfín fọwọ́ lu àpótí rẹ̀. Òrùka èéfín kan jáde, ó rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lókè gíláàsì, ó sì lọ bà lé imú Róbótó. Èyí le tó.

Oúnjẹ ọ̀sán ti délẹ̀ níta, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń lọ. Róbótó ti so ẹsẹ̀ kọ́ra. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ súnmọ́ gíláàsì.

“Baálé mi, ṣé ẹ ti wá fẹ́ tọ̀ báyìí?”

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ẹ bọ́ kóòtù kẹ́ ẹ tó rá gba abẹ́ tábìlì. Èmi ni màá fọ̀ ọ́.”

Ó bọ́ kóòtù. Ó nà án sí i lókè gíláàsì. Lẹ́yìn náà ni ọkọ òrùka kúnlẹ̀, ọ̀tá igun dọ̀bálẹ̀, ó sì ti orí bọ abẹ́ tábìlì. Gíláàsì tó ní kí wọ́n fi bò ó kí ìmọ́lẹ̀ lè máa yọ lára rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà yọ. Kò sí apá kan lára rẹ̀ tí a kò rí. Ó rá bí aláǹgbá tó bọ́ sínú ìgò. Gígùn rẹ̀ kò jẹ́ kó rọrùn. Orí rẹ̀ kọjá, èjìká há.

“Ẹ fa ọwọ́ òsì!” olùwòràwọ̀ wí.

“Òsì kọ́, ọ̀tún!” onígi wí.

“Ẹ mí síta, Ọ̀gá, kẹ́ ẹ lè tín-ín-rín,” káfíńtà wí. “Ẹ má tì í o, gíláàsì ni!”

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ tábìlì méjì tí àyè wọn fẹ̀ díẹ̀ ju ti ìyókù lọ. Ó ní, “Ibí ni àlàfo wà, Ọ̀gá. Ẹ gbà á.”

Ó fà sẹ́yìn, ó yí orí síbẹ̀, ó gbà á.

Ẹsẹ̀ mi ló yọ sí. Eruku ti gba orúnkún ṣòkòtò funfun náà yíká, róbótó méjì, dúdú, wọ́n dọ́gba. Ó gbé ojú sókè wò mí láti ilẹ̀.

“Bàbá,” ó wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi.”

“Ó ti ṣí láti àárọ̀, ọmọ mi.”

Ó dìde. Ó tẹrí ba fún ẹnu ọ̀nà. Ó jáde lọ.